Sípíríǹgì ẹ̀yìn Sienna mi tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àti ṣọ́ọ̀bù tó bá mi wá ìdí ẹ̀

Ẹ kú ọ̀nà o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa mọ́tò ní Ìbàdàn àti àyíká ẹ̀. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún tó ti wà lọ́kàn mi láti kọ èyí, àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ lo sípíríǹgì náà dáadáa, torí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe mọ́tò tán gbogbo wa la máa ń yin mẹkáníìkì, ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí ohùn tó yí. Mo ti gbé e lọ Ifẹ̀ báyìí, mo ti gbé e lọ Ọ̀yọ́ àti Abẹ́òkúta, mo gbé e lọ Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan tòun tẹrù, ẹnu mi wá gbà á láti sọ ọ́.

Iṣẹ́ oúnjẹ òde ni mò ń ṣe, Sienna 2006 ni mo fi ń ṣe é, tòkunbọ̀ ni, 2021 ni mo rà á. Ẹni tó bá ní Sienna mọ̀ pé àyè inú ẹ̀ máa ń tan èèyàn, tẹ́ ẹ bá ti ká ìjókòó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ á dà bíi pé kò sóhun tí kò ní gbà, ẹ ó kó kúlà sí i, ẹ ó kó ìkòkò sí i, sílíńdà gáàsì, àpò ìrẹsì, àwọn ọmọ tó máa pín oúnjẹ á tún wọlé. Ní 2022 ni ìdí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò ní nǹkan kékeré ni, ló bá fi rọ́bà dúdú líle há àárín sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì, ìdí mọ́tò sì gbéra sókè lóòótọ́, inú mi dùn, mo sanwó, mi ò rántí pé nǹkankan wà níbẹ̀ mọ́.

Oṣù kẹsàn-án 2024 ni, lọ́jọ́ Sátidé kan, à ń bọ̀ láti òde ìsìnkú kan ní Ifẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, òjò ti rọ̀, a ti kọjá Ìkirè a ò tíì dé Aṣéjírè, táyà ẹ̀yìn lápá òsì já sí kòtò kan tómi bò lójú, mo sì gbọ́ gbàù! bí ìgbà téèyàn fi òòlù gbá irin nínú yàrá òfìfo. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn kígbe. Mo rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo fi iná fóònù wo abẹ́ ẹ̀, mi ò rí nǹkan tó já, táyà ò jò, àmọ́ apá òsì ti relẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ. A rọra wọ́ délé, gbogbo gálọ́pù tá a bá bọ́ sí ló ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ lábẹ́ wa. Ọlọ́run ló kó wa yọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún kò tiẹ̀ jáàkì í kó tó sọ̀rọ̀, ó kàn fọwọ́ tẹ búùtù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní shock absorber, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí mọ́tò máa jó sókè sódò, ló ti kú. Kò parọ́ pátápátá, shock náà ti kú lóòótọ́, mọ́tò ń jó bíi kèrègbè lórí omi. Mo ra méjèèjì, ó dè é, kò, ariwo ò lọ. Ìgbà yẹn ló tó wá tú táyà wò, la bá rí i pé sípíríǹgì ti ṣẹ́ nísàlẹ̀, ní ìka, ìyẹn ìyípo irin ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó kángun sí ibi tó jókòó sí. Mo ya fọ́tò ojú ibi tó ti ṣẹ́ náà, torí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Fọ́tò yẹn wúlò lẹ́yìn náà, màá débẹ̀. Mẹkáníìkì ní ká má wulẹ̀ náwó, òun ní wẹ́dà tó máa jó o pọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. Wọ́n jó o, ó ki, ó tiẹ̀ dà bíi pé ó lágbára ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, mò ń fi rìfáàsì jáde nínú ọgbà ilé mi, kò sẹ́rù, kò sí kòtò, ó tún ṣẹ́ gbàù. Ojú ibi tí wọ́n jó ò tiẹ̀ mira, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbí ló ti kán, bí ẹni pé wọ́n fi ayùn gé e.

Mo pe àbúrò mi ní Manchester. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà mọ́, ẹ ó pa ara yín.” Ó ní lọ́dọ̀ àwọn níbẹ̀ ó wọ́pọ̀ gan-an kí sípíríǹgì ṣẹ́, torí ìgbà òtútù wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má bàa mú un yọ̀, iyọ̀ yẹn á wá máa fọ́n sí abẹ́ mọ́tò, irin á dógùn-ún, kòtò á sì parí ẹ̀. Mọ́tò tó bá ti pé ọdún mẹ́ta lọ́hùn-ún, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, MOT ni wọ́n ń pè é, tí sípíríǹgì ẹ bá ti ṣẹ́ o ti féèlì nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ó ní ti òun ṣẹ́ lóṣù January kan, òun ò tiẹ̀ mọ̀ títí tí wọ́n fi gbé e sókè. Òun ló bá mi béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó wà n'Íbàdàn, ìyẹn ló júwe ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí fún mi, ní àgbègbè Challenge. Ọ̀gá ibẹ̀ ló ní kí n má kọ orúkọ òun síta, mo sì ṣèlérí fún un, ẹ má bínú.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tò nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọn ò ń tú ẹ́ńjìnnì. Ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni pé ọ̀gá náà ò sọ nǹkan tá a máa rà fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìbéèrè ló ń bi mí. Ó ní, “Ìyá wa, kí lẹ máa ń kó?” Mo kà á fún un: àpò ìrẹsì mẹ́rin lọ́jọ́ òde ńlá, àádọ́ta kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nìkan ti jẹ́ igba kílò, ká tó wá ka sílíńdà, kúlà omi àti yìnyín, ìkòkò, èmi àti ọmọ márùn-ún. Ó ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ó fi ìwé kékeré kan hàn mí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù àtèèyàn tí mọ́tò náà lè gbé síbẹ̀, wọ́n kọ afẹ́fẹ́ táyà náà sí i. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn o, mi ò ka ìwé náà rí. Ohun tí mò ń kó pọ̀ ju nọ́ńbà ibẹ̀ lọ, kò sì kéré.

Lẹ́yìn náà ló ní ibo ni wọ́n ti lo mọ́tò náà kó tó dé Nàìjíríà. Mo wá a nínú ìwé tí ẹni tó bá mi kó o wọlé fún mi, Ohio ni. Ó mi orí. Ó ní ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń já bẹ́ẹ̀ yẹn, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ náà, bíi tìlú tí àbúrò mi wà gẹ́lẹ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, àwa máa ń wo bọ́dì, a máa ń wo ẹ́ńjìnnì, a máa ń wo bóyá AC ń tutù, abẹ́ mọ́tò la kì í wò. Mọ́tò á dán lókè bíi dígí, irin abẹ́ ẹ̀ á ti jẹ iyọ̀ fún ìgbà òtútù mẹ́wàá. Pupa tẹ́ ẹ bá rí lára sípíríǹgì kì í ṣe eruku, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà họ ọ́ kẹ́ ẹ rí bó ti jinlẹ̀ tó.

Fọ́tò wá. Mo fi hàn án, ó fà á kó tóbi, ó ní kí n wá wo nǹkan. Ojú ibi tí irin náà ti kán, àwọ̀ méjì ló ní. Lápá kan, bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ó pọ́n dúdú bí irin tó ti pẹ́ nínú omi, apá tó kù ń dán fẹẹrẹfẹ bíi ṣíbí tuntun. Ó ní ibi tó dúdú yẹn ti là tipẹ́tipẹ́, omi ti ń wọbẹ̀, ó ti ń dógùn-ún nínú, ibi tó ń dán yẹn nìkan ló ṣẹ́ lọ́jọ́ Ifẹ̀. Ó ní bí sípíríǹgì ṣe rí ni pé gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ń lọ sókè sódò, irin yẹn ń lọ́ra ẹ̀ ni, bí ẹni ń fún aṣọ, tí ọ̀dà ara ẹ̀ bá ti bó níbì kan, tí ìdógùn-ún wá gbẹ́ ihò tín-ín-rín síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni gbogbo ìlọ́ra yẹn á kórajọ sí, á máa là díẹ̀díẹ̀, oṣù á gorí oṣù. Kòtò tí mò ń bú látọjọ́ yìí, òun ló gbá a kẹ́yìn ni. Mo dákẹ́. Mo rántí gbogbo ọmọ tí mo ti kó sẹ́yìn mọ́tò yẹn láàárín ìgbà tó fi ń là.

Mo wá béèrè pé kí ló dé tí èyí tí wọ́n jó ò fi pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní, “Ṣé ẹ mọ̀ pé sípíríǹgì tírélà làwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá?” Mo mọ̀, ta ni ò mọ̀, àdá tí wọ́n fi irin sípíríǹgì rọ kì í tètè kújú. Ó ní irin yẹn kan náà ni, agbára ẹ̀ ò sí nínú kó nípọn nìkan, ó wà nínú iná tí wọ́n fún un àti omi tàbí òróró tí wọ́n rì í bọ̀. Alágbẹ̀dẹ tó bá ti rọ àdá tán, tó ti rì í bọ̀ ọ́, tó ti le, kò jẹ́ fi iná pupa kàn án mọ́, tó bá fi kàn án iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iná wẹ́dà gbóná ju ti alágbẹ̀dẹ lọ fíìfíì. Ibi tó jó á le gbagidi láìrọ̀, á máa kán bí àwo, ibi tó tẹ̀ lé e á dẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó ló máa ń ṣẹ́ sí. Bákan náà ni ti àwọn ọmọkùnrin tó ń fi iná yọ́ sípíríǹgì kí mọ́tò lè lọlẹ̀. Mo ti ń gbọ́ pé kí wọ́n má jó sípíríǹgì pọ̀ látọjọ́ pípẹ́, ọjọ́ yẹn ni mo tó lóye ẹ̀, àpèjúwe alágbẹ̀dẹ yẹn ló là mí lójú.

Rọ́bà 2022 yẹn náà lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n tú sípíríǹgì apá ọ̀tún, èyí tí ò ṣẹ́, wọ́n fa rọ́bà náà yọ, abẹ́ ẹ̀ pọ́n bí epo, yanrìn àti omi ti há síbẹ̀, ọ̀dà ti ha kúrò pátá. Ọ̀gá ní ìka tí rọ́bà há mọ́ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn ìka tó kù ló ń gbé ti ẹ̀ mọ́ tiwọn, torí náà mọ́tò á ga lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ ti fi iṣẹ́ ẹni mẹ́fà fún ẹni mẹ́rin. Tó bá ti di pé shock náà kú, tí kò sẹ́ni tó máa dá mọ́tò dúró bó ṣe ń jó, ìyà ìka mẹ́rin yẹn á pọ̀. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìrora torí mo mọ iye èèyàn tí mo ti bá sọ pé kí wọ́n lọ fi rọ́bà yẹn sí tiwọn. Ẹ dákun, ẹ lọ yọ ọ́. Kì í ṣe rọ́bà ìjókòó tó wà lókè àti ìsàlẹ̀ sípíríǹgì ni mò ń sọ o, ìyẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí irin máa ha irin, tèmi ti ya, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.

Ní ti rírà, ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀. Tòkunbọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fún méjì, tàbí tuntun inú páálí, ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gọ́rin fún méjì. Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀, mo sọ òótọ́, ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò kọ̀, ó ní ká jọ lọ wò ó. Oríṣi mẹ́ta ló gbé lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, ó sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà: ọ̀kan ti dógùn-ún nísàlẹ̀ bíi tèmi, ọ̀kan ga ju ìkejì ẹ̀ lọ tó fi hàn pé wọn kì í ṣe ìbejì, ẹ̀kẹta wọ́n ti kùn ún lọ́dà dúdú tuntun, ó ní èyí tí wọ́n bá kùn ni kẹ́ ẹ sá fún jù torí ẹ ò lè rí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹni tó ń tà á bínú díẹ̀, ọ̀gá ò ka ìyẹn sí. Ojú mi báyìí ni o. Ó sọ fún mi pé tòkunbọ̀ tó dáa wà, òun máa ń dè é fáwọn èèyàn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹrù tí mò ń gbé, kí n ra tuntun.

Tuntun náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Ó fi irin ìwọ̀n wọn sísanra wáyà ẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n ká, mọ́ ti àtijọ́, ó ka ìka ẹ̀, ó gbé méjèèjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí símẹ́ńtì. Mo rò pé ó ń ṣe àṣejù títí àbúrò mi, tó ka ẹnjiníà, fi bá mi ṣírò ẹ̀ lórí fóònù: tí wáyà bá tín-ín-rín pẹ̀lú mílímítà kan péré, kó kúrò ní 13 kó di 12, líle sípíríǹgì náà á dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Mílímítà kan ṣoṣo. Ojú lásán ò lè rí i, ibẹ̀ sì làwọn tó ń ṣe ayédèrú ti ń jèrè.

Ó kọ̀ láti dè ẹyọ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀tún ò kúkú ṣẹ́. Ó ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ rìn, iyọ̀ kan náà ni wọ́n jẹ, tí òun bá fi tuntun sí òsì tí òun fi àgbà sí ọ̀tún mọ́tò á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó kù náà á sì pè mí padà láìpẹ́. Kí wọ́n tó tú nǹkankan ni ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ti fi téèpù wọn àárín wíìlì sí etí bọ́dì lápá méjèèjì, ó kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n dè é tán wọ́n tún wọ̀n ọ́n, òsì àti ọ̀tún bára mu. Ohun tí mi ò rí níbòmíì rí rèé: wọn ò fún bóòtù shock àti ti búṣìn, ìyẹn ojú ìsopọ̀ irin tó ní rọ́bà nínú, pa nígbà tí mọ́tò wà lókè, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró ná, kí wọ́n tó fún un, wọ́n ní tí wọ́n bá fún un pa lókè, rọ́bà inú búṣìn á máa lọ́ nígbà gbogbo, á sì tètè ya.

Àléébù wọn wà o. Wọ́n pẹ́, ọjọ́ méjì gbáko ni mọ́tò mi fi wà lọ́dọ̀ wọn, mo sì pàdánù òde kékeré kan ní Bódìjà. Kò síbi tí obìnrin lè jókòó sí, orí táyà lẹ máa jókòó, kò sí ilé ìyàgbẹ́. Wọn ò fún mi ní rìsíìtì àfìgbà tí mo béèrè, orí ìwé lásán ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Owó iṣẹ́ wọn wọ́n ju tàdúgbò lọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, rọ́bà ìjókòó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún náírà. Tí ẹ bá ro owó shock tí mo ti rà ṣáájú, owó wẹ́dà, táyà ẹ̀yìn tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí bó ṣe fì, ẹ ó rí i pé ohun tí mo ná kí n tó débẹ̀ ò jìnnà sí i. Mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tó kù, kí wọ́n fi ra àga.

Láti ìgbà náà mi ò gbọ́ ariwo kankan lẹ́yìn. Ìdí mọ́tò dúró síbi tí wọ́n fi sí, mo ń wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Mo ti pín ẹrù mi, òde tó bá ti ju ìrẹsì àpò méjì lọ mo ń gba Micra tàbí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kún un, owó ẹ̀ ń dùn mí ṣùgbọ́n mo fi kún iye tí mò ń pè fáwọn oníbàárà, wọ́n sì ń san án.

Iwájú ló kù. Nígbà tí mọ́tò wà lókè, ọ̀gá fi tọ́ọ̀ṣì hàn mí pé sípíríǹgì iwájú lápá ọ̀tún, ọ̀dà ìka ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti bó, kò tíì là, àmọ́ ó ti ń pọ́n. Ti iwájú léwu ju tẹ̀yìn lọ torí ara shock ló jókòó sí, ó sún mọ́ táyà gan-an, tó bá ṣẹ́ ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ lè gún táyà lórí eré. Títú ẹ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin kan fún un pọ̀ kí wọ́n tó yọ nọ́ọ̀tì orí ẹ̀, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi okùn dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àyà mi já fún ọmọ tó tẹ̀ lé e lórí, torí tó bá fò yọ ó lè pa èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù yìí ní irin tí wọ́n fi ń fún un pọ̀ náà, wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ ni mo bá wọn dá, ọjọ́ tí mi ò lóde, màá gbé téèpù tèmi dání.